Ẹkún Bàbá Wa Nínú Àròkọ Àbúrò Mi

O bi mí pé ọdún wo ni. Èmi ò mọ ọdún tí ẹ̀yin ń kọ sórí bébà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọdún tí ìjọba òyìnbó rán àwọn agékòkó, àwọn tó ń gé igi kòkó lulẹ̀, wá sí oko wa lẹ́yìn Apomu ni. Lọ bi àwọn tó kàwé, wọ́n á bá ọ ṣírò rẹ̀. Ní tèmi, mo ti ń ró aṣọ nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tíì wá bá ìyá wa sọ̀rọ̀ nípa ọkọ fún mi. Àbúrò mi tó tẹ̀lé mi lẹ́yìn wà ní ilé ìwé ní Ìkirè, ó kù díẹ̀ kó ṣe ìdánwò àṣejáde. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí o kọ. Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má bá mi tún un ṣe.

Ọmọ ìyá kan náà ni wá. A jọ ń pọnmi ni, a jọ ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí kòkó tí a sá. Nígbà tí bàbá wa sọ pé ẹnì kan nínú wa yóò lọ kàwé, kò sí ẹni tó wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Èmi náà ò sì wo ọ̀dọ̀ ara mi. Bí ayé ṣe rí nígbà náà nìyẹn.

Mùsùlùmí ni bàbá wa, wọn kì í jẹ́ kí àkókò ìrun kọjá, kódà nínú oko. Ilé ìwé tó wà ní Ìkirè, ti àwọn onígbàgbọ́ ni. Àwọn ẹbí pariwo títí.

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó o, wọ́n á sọ ọmọ yẹn di kiriyó!"

Bàbá wa dá wọn lóhùn pé, "Kó di kiriyó títí di ọ̀sán. Bó bá délé ní ìrọ̀lẹ́, á bá mi kírun. Èmi ń wá ẹni tí yóò máa bá mi wo ojú ìwọ̀n àwọn tó ń ra kòkó."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í ti Apomu fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìkirè ní àràárọ̀. Bó bá ń bọ̀, á mú dòdò tí ó ti pọ́n jù, tí wọ́n dín títí tó fi dúdú, bọ̀ wá fún mi nínú ewé. Bó bá ti ń na ewé náà sí mi ni yóò máa rojọ́ ilé ìwé.

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní kọmpósíṣọ̀n, tí ẹ̀yin ń pè ní àròkọ, ló ń dà á láàmú jù. Ìṣirò ò ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí tíṣà bá ti kọ àkòrí sára pátákó pé kí wọ́n lọ kọ ọ́ wá, ara rẹ̀ á bù máṣọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọgbọ́n tí wọ́n ń dá. Àròkọ kan wà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn tó ti jáde, tí gbogbo wọn há sórí. Ó dá lórí ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ mú lọ wo òkun ní Èkó. Àkòrí yòówù tí tíṣà ìbáà fún wọn, wọ́n á wá ọ̀nà fà á dé etí òkun. Bó bá ní kí wọ́n kọ nípa ọjà, wọ́n á ní ọjà làwọn ń lọ kí àwọn tó yà sí òkun. Bó bá ní kí wọ́n kọ nípa ewúrẹ́, ewúrẹ́ náà á já, wọ́n á máa lé e lọ títí wọ́n á fi bá ara wọn níwájú òkun.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni tíṣà náà, ó ní kẹ̀kẹ́, kò tíì láya. Àgbà ni lójú mi nígbà náà, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí ojú rẹ̀ nísinsìnyí, ọmọdé ni. Àbúrò mi ní ó máa ń di orí mú ni, á ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, omi tó wà lẹ́yìn ilé yín kò mù yín dé orúnkún, òkun lẹ sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣé ẹ ò ní rì báyìí?"

Tíṣà yìí ló sọ fún àbúrò mi pé kó má tíì mú kálámù rárá. Ó ní kó kọ́kọ́ wá ẹnì kan nínú ilé, kó sọ ohun tó fẹ́ kọ fún un ní Yorùbá, kó sì jẹ́ ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ìbéèrè. Ta ló tún kù? Èmi náà ni. Orí ẹní tí a ń sá kòkó sí ló máa ń bá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Tíṣà ní ká kọ nípa ọjọ́ òjò."

"Òjò wo?"

"Òjò tó rọ̀."

"Òjò tí kì í rọ̀ wà ni? Èwo nínú wọn?"

Ó ronú. "Èyí tó ká kòkó wa mọ́ ìta."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ta ló kọ́kọ́ rí i?"

"Èmi ni. Rárá, ìyá ni."

"Kí ni ìyá ń ṣe lọ́wọ́?"

"Wọ́n ń fọṣọ. Wọ́n sáré dé, ọṣẹ ṣì wà lápá wọn dé ìgbọ̀nwọ́, ẹní ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń bú òjò bí ẹni ń bú orogún."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú wa. Mo ní, "Kọ ọṣẹ yẹn síbẹ̀."

"Ọṣẹ kẹ̀? Nínú kọmpósíṣọ̀n?"

"Ṣé kò sí lápá wọn ni?"

Ó kọ ọ́. Nígbà tó padà dé, eré ló ń sá bọ̀ láti òpópónà. Tíṣà ti fa ìlà pupa sábẹ́ ọ̀rọ̀ ọṣẹ náà, ó sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ó dára.

Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí àkòrí tí kò gbé wá bá mi. Bí tíṣà bá kọ́ wọn ní nǹkan, òun náà á kọ́ mi. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ ka ìbéèrè, kí wọ́n tún un kà, kí wọ́n mọ ohun tó ń béèrè gan-an kí wọ́n tó ki kálámù bọ tàdáwà. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ni ìpínrọ̀ kan ń rù, ẹni tó bá di ẹrù méjì lé e, á wó. Kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ ńlá ńlá ṣe ojú ayé. Bí ọ̀rọ̀ bá ti tán, kí wọ́n dákẹ́. Kí wọ́n sì fi àkókò díẹ̀ sílẹ̀ láti tún gbogbo rẹ̀ kà kí aago tó lù.

Mo ní, "Bíi ti kòkó náà kúkú ni. Bí a bá pa á tán, ṣé a máa ń sá a lójú ẹsẹ̀? Àbí a kì í fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kó kọ́kọ́ làágùn? Bó bá sì gbẹ tán, ṣebí a ṣì máa ń jókòó ṣa èyí tó bu kúrò."

Ó dúró, ó ń wò mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni ì bá lọ sí ilé ìwé yìí."

Mo bọ́ sórí ẹní, mo ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó.

Àìsàn tó mú kòkó nígbà náà, o ò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ka igi á wú bí oríkèé ìka arúgbó, ewé á máa pọ́n níbi tí kò yẹ kó ti pọ́n. Ìjọba ní kò sí oògùn rẹ̀ ju kí wọ́n gé e lọ, èyí tó ń ṣàìsàn àti èyí tó kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ wá kun ọ̀dà sára àwọn tí wọn yóò gé. Bàbá wa ló ṣíwájú àwọn àgbẹ̀ kòkó lápá ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n lọ bẹ akọ̀wé tó ń darí àwọn agékòkó náà, wọ́n padà dé, wọn ò sọ ohun tí ó wí fún wọn. Nígbà tí àwọn aláàáké dé, gbogbo ilé ló lọ sí oko.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún ọ níbí, torí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò ṣe é mọ́. Ní ọ̀dọ̀ wa, a kì í wo ẹkún àgbà. Bí àgbàlagbà ọkùnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á kẹ̀yìn sí i. Àwọn obìnrin á máa tún ìró wọn ró, wọ́n á yí ọmọ wẹ́wẹ́ lójú padà. A ó dúró bẹ́ẹ̀ títí àgbà náà yóò fi wúkọ́, tí yóò sì sọ pé, "Ẹ gbé omi wá." Nígbà náà la tó yíjú padà, a ó gbé omi, ohunkóhun ò sì ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe pé a kò láàánú. Àánú náà nìyẹn.

Nígbà tí igi àkọ́kọ́ wó, bàbá wa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí ìyá wa ti rí èjìká wọn ni wọ́n di èmi àti àbúrò mi mú ní apá, wọ́n yí wa padà. Mo kẹ̀yìn. Mo ń wo igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan níwájú mi títí mo fi mọ gbogbo ojú ewé rẹ̀. Títí dòní, igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ni mo rí lọ́jọ́ náà. Àbúrò mi ni kò kẹ̀yìn tán. Mo gbọ́ tí ìyá wa ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún un pé, "Yíjú. Mo ní kí o yíjú." Ó yí ara, kò yí ojú.

Lẹ́yìn èyí, nǹkan yí padà nílé wa. Bàbá wa sọ ọ́ fún un gbangba pé òun ò lè gbé e kọjá ilé ìwé Ìkirè mọ́. Àfi ìdánwò ìjọba kan tó kù. Ẹni tó bá yege jù nínú rẹ̀, ìjọba fúnra rẹ̀ ni yóò rán an lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tíṣà. Tíṣà ní ìṣirò àbúrò mi kò ní ìyọnu, àròkọ ni yóò pinnu rẹ̀. Gbogbo ilé wa gbé ojú lé àròkọ yẹn. Ìyá wa tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, á máa bi í bó bá ń jẹun lọ́wọ́, "Ọmọ mi, nǹkan yẹn ń lọ ṣá?"

Láàárín àkókò yìí ni tíṣà ní kí wọ́n kọ nípa ọjọ́ kan tí wọn kò lè gbàgbé. Àbúrò mi wá bá mi lórí àgbàlá. Kò sí kòkó láti sá, ẹní wà ní kíká sára ògiri. Kò jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ó kàn ń sọ ọ́ lọ ni, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Mo ti mọ̀ ọ́n sórí láti ọjọ́ yẹn. Gbọ́ ọ:

"Ọkùnrin tó gé igi àkọ́kọ́ kò bínú sí wa. Ó ń súfèé. Igi náà, ọdún tí wọ́n bí mi ni bàbá mi gbìn ín. Bó ṣe wó, èso tútù kan já lára rẹ̀, ó yí wá dé ẹsẹ̀ mi. Bàbá mi jókòó sórí ewé gbígbẹ. Wọ́n ṣí fìlà wọn, wọ́n fi bo ojú, èjìká wọn ń gbọ̀n. Gbogbo wa kẹ̀yìn sí wọn, nítorí náà àwọn nìkan ni wọ́n sunkún. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n gbọn ewé kúrò lára fìlà náà, wọ́n sì dé e padà. Wọn ò rántí pé ó ti tutù."

Ó parí síbẹ̀. Mo ní, "Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Ó ní, "Ó tán."

Nígbà tí tíṣà ka àròkọ náà, ó ní òun ò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí òun ti mú ṣọ́ọ̀kì. Ó ní bó bá lè kọ irú èyí nínú ìdánwò, ó ti wọlé nìyẹn. Ó sì mú un fún àjọ̀dún ìparí ọdún ilé ìwé, níbi tí àwọn òbí ti máa ń wá jókòó, tí ọmọ á ka gẹ̀ẹ́sì, tí tíṣà á sì máa túmọ̀ rẹ̀ kí àwọn àgbẹ̀ lè gbọ́. Àbúrò mi ní òun sọ fún un pé, "Ọ̀gá, bàbá mi ń bọ̀ o." Tíṣà ní, "Ìdí nìyẹn tó fi dára. Inú wọn á dùn."

Inú bàbá wa ti dùn tẹ́lẹ̀. Wọ́n wọ agbádá ẹtù, wọ́n dé fìlà tó bá a mu, wọ́n jókòó síwájú, wọ́n ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pé, "Tèmi ló kàn." Èmi àti ìyá wa wà lẹ́yìn pẹ̀lú àwọn obìnrin.

Àbúrò mi kà á. Kò gbójú sókè. Tíṣà ń túmọ̀ rẹ̀ tẹ̀lé e, ohùn rẹ̀ dùn púpọ̀. Àwọn obìnrin kọ́kọ́ ń sọ pé, "Ó mà ṣe o!" Nígbà tó yá, ẹnì kan fọwọ́ gún ẹnì kejì, ó ju ojú sí iwájú. Ìdákẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan, ó rìn káàkiri. Lẹ́yìn náà ni mo rí ohun tí mi ò rò pé mo lè rí láyé. Orí ń yí padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa yí àga rẹ̀ díẹ̀. Àwọn obìnrin ń tún ìró wọn ró. Bàbá wa kò sunkún lọ́jọ́ náà, ojú wọn gbẹ ganran, síbẹ̀ gbogbo ilé ìwé náà ló kẹ̀yìn sí wọn.

Wọn ò wúkọ́. Wọn ò béèrè omi. Wọ́n dìde, wọ́n kó agbádá wọn sápá, wọ́n jáde.

Àwọn tó nífẹ̀ẹ́ wọn ló kẹ̀yìn o. Ti àwọn tí kò fẹ́ràn wọn tún yàtọ̀. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e ní Apomu, èmi ni mo ru ẹrù tẹ̀ lé wọn. Àgbẹ̀ kan tó ti ń jowú ipò wọn tipẹ́ kí wọn láti òdìkejì ọ̀nà pé, "Bàbá, ẹ kú ìjọ́ mẹ́ta o! Ṣé fìlà ti gbẹ?" Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo rí bàbá wa tí wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n fọwọ́ kan fìlà tó wà lórí wọn, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó tutù lóòótọ́.

Wọn ò lọ sí ìpàdé àgbẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Tíṣà gun kẹ̀kẹ́ wá bẹ̀ wọ́n. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ọ̀ọ̀dẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Mo rò pé iyì ni."

"Ẹ dìde, tíṣà. Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ibi tí wọ́n ti kọ́ yín, wíwò ni wọ́n kọ́ yín. Níbí, ohun tí a kì í wò wà."

Wọn ò na àbúrò mi. Ì bá sàn kí wọ́n nà án. Wọ́n pè é jókòó síwájú wọn, wọ́n ní, "Ohun tí ojú rẹ bá rí lọ́dọ̀ mi, kò gbọdọ̀ dé orí bébà mọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Búra fún mi."

Ó fi Ọlọ́run búra. Ọmọ tó máa ń sọ̀rọ̀ bí odò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú ilé bí àlejò. Mo dá a dúró lọ́nà kànga, mo ní, "Àkòrí wo ni tíṣà fún yín?" Ó ní, "Kò sí, Ẹ̀gbọ́n." Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé wọ́n ń kọ ọ́.

Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe ìdánwò náà. Ìyá wa gbààwẹ̀ fún un. Bó ṣe ń bọ̀ láti ibi tí ọkọ̀ já a sí, mo ti sáré pàdé rẹ̀.

"Kí ni wọ́n béèrè nínú àròkọ?"

"Iṣẹ́ bàbá mi."

Mo fò sókè. "Iṣẹ́ bàbá rẹ? Háà! Ó bọ́ sí i! Ta ló mọ̀ ọ́n tó ọ?"

Kò bá mi yọ̀. Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kí lo wá kọ?"

"Mo kọ pé bàbá mi ń gbin kòkó."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Pé kòkó náà ń so dáadáa."

"Kòkó wo?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kòkó wo?"

"Mo kọ pé nígbà tí a kórè tán, inú bàbá mi dùn, wọ́n sì mú mi lọ sí Èkó, a lọ wo òkun."

Mi ò béèrè nǹkan kan mọ́. A jọ rìn dé ilé.

Kò wọlé. Tíṣà ló wá sọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ tán. Bàbá wa ní, "Alhamdulillahi. Bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn." Àbúrò mi náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì ò wo ojú ara wọn.

Kò sí kòkó tí yóò máa wo ìwọ̀n rẹ̀, kò sì sí ilé ìwé. Ó bá àwọn tó ń gé gẹdú lọ sí ìhà Oǹdó. Ó wá kí wa lẹ́ẹ̀kan nígbà ọdún iléyá, ọwọ́ rẹ̀ ti le, ó ti ga ju bàbá wa lọ. Mo ní, "Sọ fún mi bí igbó ibẹ̀ ṣe rí." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Igbó ni, Ẹ̀gbọ́n." Ohun tó sọ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó rí ọṣẹ lápá ìyá wa nínú òjò, igbó ńlá bẹ́ẹ̀, "igbó ni."

Lẹ́yìn tí mo ti wà nílé ọkọ ni ẹnì kan tó bá a ṣiṣẹ́ gbé aṣọ rẹ̀ wá sí Apomu. Ibà ni, ó ní. Wọ́n ti sin ín síbẹ̀. Èyí ni kò jẹ́ kí n lè sọ ọ́ gùn fún ọ. Mi ò rí ibi tí wọ́n sin ín sí, mi ò mọ igi tó wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo lọ kí bàbá wa lẹ́yìn èyí, ọyẹ́ ti dé. Wọ́n jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, oòrùn ọ̀sán ń kan ẹsẹ̀ wọn. Mo pọn ọmọ, ìyá rẹ tó bí ọ ni. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n fọwọ́ kan orí ọmọ náà, wọ́n bi mí pé:

"Ǹjẹ́ o rántí nǹkan tí àbúrò rẹ kọ?"

"Èwo, Bàbá?"

"Èyí tó kọ nípa mi."

Mo ní, "Mo rántí rẹ̀."

"Sọ ọ́ fún mi."

Mo sọ ọ́. Láti orí ẹni tó ń súfèé, dé orí èso tó yí wá sí ẹsẹ̀ ọmọ, dé orí ewé gbígbẹ. Bí mo ṣe gbà á lẹ́nu rẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́, mi ò fi kún un. Nígbà tí mo dé ibi tí gbogbo wa ti kẹ̀yìn, wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Tún ibẹ̀ sọ."

"Gbogbo wa kẹ̀yìn sí wọn, nítorí náà àwọn nìkan ni wọ́n sunkún."

"Kí ló ní mo fi fìlà ṣe?"

"Ó ní ẹ gbọn ewé kúrò lára rẹ̀, ẹ sì dé e padà. Ẹ ò rántí pé ó ti tutù."

Wọ́n mi orí. "Bẹ́ẹ̀ ni. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn." Wọ́n wá sọ pé, "Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú oko yẹn, òun nìkan ló wà lọ́dọ̀ mi. Mo sì ní kó búra."

Èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹsẹ̀ mi fúnra rẹ̀ ti ń yí mi padà, torí bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Ọwọ́ mi ti wà níbi ìró. Mo dá ara mi dúró. Mo jókòó síwájú bàbá mi, mo ń wò wọ́n. Ojú tì mí, mo ń wò wọ́n. Wọn ò wúkọ́, wọn ò ní kí n gbé omi wá. Nígbà tí wọ́n fi fìlà wọn nu ojú tán, tí wọ́n sì dé e padà ní tútù, èmi ni mo ṣí i lórí wọn, mo sì sá a sí oòrùn.

Mo bí àwọn ọmọ mi, gbogbo wọn ló lọ sí ilé ìwé, obìnrin wọn àti ọkùnrin wọn. Mi ò lè ka ohun tí wọ́n ń kọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó kọ àròkọ rí láìkọ́kọ́ wá sọ ọ́ fún mi nídìí iṣẹ́ tí mo bá ń ṣe. Mo máa ń sọ fún wọn pé, ẹ ka ìbéèrè, ẹ tún un kà. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni lọ sí òkun tí ẹ ò dé rí. Nígbà tí wọ́n dàgbà díẹ̀ ni mo sọ èyí tó kù fún wọn. Mo ní, ìyá yín á sunkún níṣojú yín lọ́jọ́ kan, torí ayé ni. Bó bá di ọjọ́ náà, ẹ má kẹ̀yìn sí mi. Ẹ jókòó tì mí, kí ẹ wò mí dáadáa. Bí tíṣà bá sì béèrè, ẹ kọ ọ́.